Ilé tó ń gba òjò sínú: Bí àwọn abúlé Casamance ṣe ń fi ilé àbáláyé gba àlejò

Ní abúlé Enampore, tí kò jìnnà sí ìlú Ziguinchor ní gúúsù orílẹ̀-èdè Senegal, ilé amọ̀ ńlá kan wà tó rí roboto bí òrùka. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ilé gan-an ni omi ń dà sí. Kì í ṣe pé òrùlé náà ń jò. Bí àwọn tó kọ́ ọ ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Àlejò lè sùn nínú ilé yìí. Wọ́n á fún un ní yàrá, àwọ̀n ẹ̀fọn àti oúnjẹ alẹ́. Nígbà tó bá sì san owó ibùsùn rẹ̀, àpò abúlé ni wọ́n ṣètò pé kí owó náà máa wọ̀, kì í ṣe àpò oníléeṣẹ́ kan tó wà ní Dakar tàbí Paris.

Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Casamance. Láàárín àkókò náà, ogun dé, ọkọ̀ ojú omi rì, àjàkálẹ̀ àrùn sì lé àwọn àlejò padà sílé. Àwọn ilé kan ṣì dúró, àwọn mìíràn ti wó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ìlú ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó ní ilé àtijọ́ tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Báwo ni ilé náà ṣe rí?

Casamance ni apá gúúsù Senegal. Orílẹ̀-èdè Gambia ló là á kúrò lára apá àríwá, ìdí nìyí tí ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Dakar fi gbọ́dọ̀ gba inú Gambia kọjá, tàbí kó yí po lọ́nà jíjìn. Odò Casamance, tí wọ́n fi sọ agbègbè náà lórúkọ, ń ṣàn lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ káàkiri, igi ẹ̀gbà sì hù sí etí omi lọ rẹrẹẹrẹ.

Àwọn Jola, tí àwọn Faransé ń kọ orúkọ wọn ní Diola, ló pọ̀ jù ní ìsàlẹ̀ odò náà. Àgbẹ̀ ìrẹsì ni wọ́n láti ayébáyé. Irinṣẹ́ onígi gígùn kan tí wọ́n ń pè ní kajendo ni àwọn ọkùnrin fi ń kọ ebè nínú ẹrẹ̀, àwọn obìnrin ló sì ń gbin ìrẹsì náà.

Ní Enampore àti Séléki tó wà nítòsí rẹ̀, ilé ńlá onírìísí òrùka ni àwọn Jola máa ń kọ́ fún ẹbí. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tó nípọn. Àwọn yàrá tò yí po, ẹnu ọ̀nà wọn sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àárín ilé ká. Ọ̀nà méjì ni òrùlé náà dà sí. Apá kan ń da omi síta, apá kejì ń da omi sínú bí ẹnu àrọ. Omi òjò á kó jọ sínú kòtò tó wà ní àárín ilé, wọ́n á bù lára rẹ̀ lò, èyí tó bá ṣẹ́ kù á gba ojú ihò kan jáde síta.

Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ẹ̀ka odò, iyọ̀ á sì ba omi kànga jẹ́. Ẹni tó bá lè gba omi òjò sínú ilé ara rẹ̀ ti rí ọrọ̀. Àwọn ènìyàn tún máa ń sọ pé ìgbà ogun àti ìkóni-lẹ́rú ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wúlò jù, nítorí pé ènìyàn, ẹran ọ̀sìn àti ìrẹsì inú àká yóò wà lábẹ́ òrùlé kan náà, ọ̀tá kò sì ní rí ọ̀nà púpọ̀ gbà wọlé. Ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ láàárín yẹn náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lọ́sàn-án.

Ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà sí agbo ilé àtijọ́ kò ní rí ilé yìí bí ohun àjèjì. Àkòdì àwọn baba wa náà ṣí ojú sí ọ̀run láàárín. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa dà sínú àgbàlá, àwọn ìyá á gbé ìkòkò àti agbada síbẹ̀ láti fi gba omi. Ti àwọn Jola rí roboto, ti Yorùbá ní igun mẹ́rin, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

Ta ló kọ́kọ́ ní kí àlejò wá sùn síbẹ̀?

Ní àwọn ọdún 1970, ìrìnàjò afẹ́ ti ń gbilẹ̀ ní Senegal. Iléeṣẹ́ Club Méditerranée ti ilẹ̀ Faransé kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ sí Cap Skirring, ní etíkun Casamance. Irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Àlejò á bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, á wọ inú ọgbà, á jẹ, á mu, á wẹ̀ nínú òkun, á sì padà sílé. Ó ṣeé ṣe kó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Casamance láìmọ orúkọ abúlé kan ṣoṣo.

Christian Saglio, ọmọ Faransé tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, àti Adama Goudiaby tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, mú àbá mìíràn wá. Wọ́n ní kí àwọn abúlé fúnra wọn gba àlejò, kí wọ́n sì gbà á sínú ilé tó bá ti ilẹ̀ wọn mu. Àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé ló fi owó ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Elinkine, abúlé àwọn apẹja, àti Enampore wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Koubalan, Baïla, Affiniam, Oussouye àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn ń pe àwọn ilé náà ní campement villageois, ìyẹn àgọ́ abúlé.

Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Àkọ́kọ́ ni pé abúlé gbọ́dọ̀ jókòó, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn fẹ́ ẹ. Èkejì ni pé àwọn ará abúlé ni yóò fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé náà, pẹ̀lú amọ̀, igi àti koríko agbègbè wọn. Ẹ̀kẹta ni pé ilé náà kò gbọdọ̀ tóbi ju agbára abúlé lọ, kí àlejò má baà pọ̀ ju onílé lọ. Ẹ̀kẹrin ni pé oúnjẹ tí ará abúlé ń jẹ ni àlejò yóò jẹ. Ìkarùn-ún ni pé owó tó bá wọlé jẹ́ ti gbogbo abúlé, ìgbìmọ̀ wọn ni yóò sì pinnu ohun tí wọn yóò fi ṣe.

Kì í ṣe gbogbo àwọn ilé náà ló jẹ́ ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ilé tuntun tí wọ́n kọ́ ní ìlànà àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí ti Enampore àti Affiniam tó jẹ́ onírìísí òrùka. Ní Oussouye, ilé amọ̀ alájà ni wọ́n kọ́, irú èyí tí abúlé Mlomp tó wà nítòsí fi lókìkí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà mú kí àwọn àgbà tó mọ bí a ṣe ń mọ ògiri àti bí a ṣe ń bo òrùlé tún rí ìdí láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ilé kan ṣoṣo lọ.

Níbo ni owó àlejò ń lọ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ètò Casamance gbìyànjú láti yí òwe yìí padà, kó jẹ́ pé bí àlejò bá lọ tán, nǹkan yóò ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún onílé.

Nínú àwọn abúlé tí ètò náà ti yọrí sí rere, owó ibùsùn àti oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe ilé ìgbẹ̀bí, tí wọ́n fi tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, tí wọ́n sì fi ran àwọn àgbẹ̀ àti apẹja lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan rí iṣẹ́ ṣe nílé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Casamance, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń kó lọ sí Dakar àti Ziguinchor bí ìkórè bá ti parí, tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé onílé.

Ṣùgbọ́n ètò tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ fẹ́ mọ iye tó kàn án. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta gé koríko fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó jókòó sílé yóò gbà. Bí ìwé owó kò bá mọ́ gaara, ìfura á wọ àárín àwọn ènìyàn. Nígbà tí àwọn olówó àdáni sì rí i pé àlejò ń wá, wọ́n kọ́ ilé tiwọn, wọ́n fi omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná sí i, àwọn àlejò kan sì yà sọ́dọ̀ wọn.

Kí ni àlejò ń bá pàdé níbẹ̀?

Ẹni tó bá ń wá fìríìjì inú yàrá àti adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ kò ní rí i. Ilé abúlé jẹ́ ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ tutù lọ́sàn-án nítorí pé ògiri amọ̀ nípọn, koríko orí òrùlé kì í sì í jẹ́ kí oòrùn wọlé bíi ti páànù. Lálẹ́, ojú ihò àárín ilé ni àlejò ti ń wo ìràwọ̀.

Oúnjẹ wọn kì í kọjá ìrẹsì àti ẹja, tàbí adìẹ tí wọ́n se pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní yassa. Casamance ni ọ̀pọ̀ ará Senegal gbà pé yassa ti bẹ̀rẹ̀. Ní etí omi, àwọn obìnrin ń wa ọkọ̀ kéékèèké lọ síbi gbòǹgbò igi ẹ̀gbà láti já ìṣáwùrú oníkarawun tó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sun ún lórí iná. Ẹmu ọ̀pẹ kì í wọ́n láàárín àwọn Jola tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ abúlé kan lè mú àlejò lọ sí oko ìrẹsì, tàbí kó mú un lọ wo àwọn igi àràbà tí ìdí wọn tóbi ju yàrá lọ. Àwọn tó ń lọ sí Affiniam máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ziguinchor sọdá odò.

Àwọn ibi kan wà tí àlejò kò gbọdọ̀ dé. Àwọn Jola ní igbó ọlọ́wọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ètùtù, tí wọ́n sì ti ń mú ọkùnrin wọ ẹgbẹ́ àgbà. Igbó mìíràn wà fún obìnrin, ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀. Ọmọ ìlú tó mọ ọjọ́ Orò kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àǹfààní wíwà nínú abúlé pẹ̀lú onílé ni pé ẹnìkan yóò wà nítòsí tí yóò sọ fún àlejò pé, "Ibí yìí la dé, ẹ jẹ́ ká padà."

Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1982, àwọn ènìyàn wọ́de ní Ziguinchor láti béèrè òmìnira fún Casamance. Ẹgbẹ́ MFDC, tí àlùfáà ìjọ Kátólíìkì Augustin Diamacoune Senghor jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, ló wà nídìí ìpè náà. Ìjọba kó àwọn aṣáájú náà sí àtìmọ́lé. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ti di ìbọn. Wọ́n ri àdó olóró mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ọ̀pọ̀ ará abúlé sá lọ sí Ziguinchor, Gambia àti Guinea-Bissau.

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1995, tọkọtaya méjì láti ilẹ̀ Faransé tó wá rìnrìn àjò afẹ́ di àwátì ní ìsàlẹ̀ Casamance. Títí di òní, wọn kò rí wọn. Ìròyìn náà tàn ká Yúróòpù, àwọn ìjọba kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú wọn, ibùsùn àwọn ilé abúlé sì ṣófo.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ ojú omi Le Joola tó ń lọ láti Ziguinchor sí Dakar dojú dé létí Gambia. Ènìyàn tó lé ní 1,800 ló kú. Ènìyàn 64 péré ló yè. Èrò inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀ ju iye tó yẹ kó gbé lọ. Fún Casamance, ọ̀fọ̀ tó wọ ilé gbogbo ni. Ọkọ̀ náà sì tún ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èrò àti àlejò ń gbà wọ agbègbè náà láìgba Gambia. Ọdún 2008 ni ọkọ̀ Aline Sitoe Diatta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà náà. Orúkọ akíkanjú obìnrin Jola tó tako ìjọba amúnisìn Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́.

Bí àlàáfíà ti ń padà bọ̀, ìjàǹbá mìíràn tún ń yọjú. Ní ọdún 2014, àrùn Ebola ṣọṣẹ́ ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone. Ẹnìkan ṣoṣo ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in ní Senegal, ara rẹ̀ sì yá, síbẹ̀ àwọn àlejò sá fún gbogbo agbègbè náà. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2018, àwọn agbébọn pa ọkùnrin tó lé ní mẹ́wàá tí wọ́n lọ wá igi nínú igbó Boffa Bayotte, tí kò jìnnà sí Ziguinchor. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti ibodè pa.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tí àlejò kò bá wá?

Ilé amọ̀ kò dà bí ilé búlọ́ọ̀kù tí ènìyàn lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, kó sì padà bá a lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Koríko orí rẹ̀ ń jẹrà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí òrùlé bá ti là, òjò á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ògiri. Ikán á wọ inú igi. Kódà èéfín ìdáná wúlò, nítorí pé ó ń lé kòkòrò kúrò nínú koríko. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò dáná nínú rẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́.

Ibí yìí ni owó àlejò ti já mọ́ nǹkan jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Karùn-ún, ni àlejò ń wá. Ìgbà náà ni wọ́n ń gé koríko òrùlé, kí òjò tó dé ní oṣù Kẹfà. Bí àlejò bá wá, owó á wà fún koríko àti fún àwọn tí yóò gun òkè òrùlé. Bí wọn kò bá wá ní ọdún kan, abúlé á ṣù ú mọ́ra. Bí wọn kò bá wá fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ní láti yàn láàárín kí ilé wó àti kí wọ́n kan páànù mọ́ ọn.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ará abúlé wí bó bá yan páànù. Páànù kì í jẹrà, kì í gba ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n páànù ń múlé gbóná, ó ń pariwo bí òjò bá ń rọ̀, owó rẹ̀ sì ń jáde kúrò lábúlé. Òun náà ló sì ń sọ iṣẹ́ ìbolé di ohun ìgbàgbé. Bí ẹni ìkẹyìn tó mọ bí a ṣe ń dá òrùlé onírìísí àrọ bá kú, owó àlejò kò lè jí i padà.

Casamance nìkan kọ́

Irú ọ̀rọ̀ yìí ń lọ lọ́wọ́ ní ibi tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àríwá Togo àti àríwá Benin, àwọn Batammariba ń gbé ilé amọ̀ alájà tó dà bí odi kékeré. Takienta ni orúkọ rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn àti ìdáná wà nísàlẹ̀, ibùsùn àti àká ọkà wà lókè. Wọ́n ń fi omi tí wọ́n rẹ èèpo èso igi irúgbá sí, igi tí irú ọbẹ̀ ti ń wá, ra ògiri rẹ̀ kí òjò má baà fọ̀ ọ́. Àjọ UNESCO fi Koutammakou, ilẹ̀ wọn ní Togo, sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2004, wọ́n sì fi apá ti Benin kún un ní ọdún 2023.

Ní apá Benin, ní agbègbè Natitingou àti Boukoumbé, àwọn ènìyàn ti ń gba àlejò sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, àwọn agbébọn jí ọmọ Faransé méjì gbé nínú ọgbà ẹranko Pendjari, ní agbègbè Atacora kan náà. Wọ́n pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Sójà Faransé méjì kú nígbà tí wọ́n lọ gba àwọn tí wọ́n jí gbé náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí ti pọ̀ sí i ní àríwá orílẹ̀-èdè méjèèjì, àwọn ìjọba Yúróòpù sì ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn láti má ṣe lọ síbẹ̀.

Bí ẹ bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ilé àbáláyé kò lè dá àlàáfíà sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, àlàáfíà ni òrùlé tó bo gbogbo ilé.

Nígbà náà, Nàìjíríà ńkọ́?

Nàìjíríà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ọmọ Poland, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wọn ilé àbáláyé káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, kó sì yà wọ́n sínú ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ilé àbáláyé Nàìjíríà tó wà ní Jos, níbi tí wọ́n ti kọ́ irú odi Kano, mọ́sálásí Zaria àti àwọn ilé mìíràn, kí ènìyàn lè rí wọn lójú kan. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í sùn nínú àwọn ilé náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í dáná níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin Aláàfin. Nígbà náà, àtúnṣe òrùlé jẹ́ ọdún, iṣẹ́ àti ìjọsìn fún ọba lẹ́ẹ̀kan náà. Páànù dé, koríko kò sì jẹ́ dandan mọ́. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ni ẹbí ti pín sí yàrá yàrá, tí wọ́n wó àkòdì rẹ̀, tí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Èyí tó sì ṣẹ́ kù, ilé ẹbí ni. Kí ẹnikẹ́ni tó lè tún un ṣe fún àlejò, gbogbo ọmọ ilé ní láti jókòó, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò máa mú owó, àti ohun tí owó náà yóò máa ṣe.

Ìyẹn gan-an ni àwọn abúlé Casamance kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó po amọ̀.

Kí ló yẹ kí arìnrìnàjò béèrè?

Ọ̀nà Casamance ti rọrùn díẹ̀ sí i. Láti oṣù Kìíní, ọdún 2019, afárá ti wà lórí odò Gambia ní Farafenni, ọkọ̀ kò sì ní láti máa dúró de pọ́ńtù fún wákàtí gbọọrọ mọ́. Ìjọba Senegal fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú apá kan nínú MFDC ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2022, wọ́n sì tún kéde òmíràn ní oṣù Kejì, ọdún 2025. Ìlú Bissau ni méjèèjì ti wáyé. Àwọn ìdílé ti ń padà sí abúlé tí wọ́n sá kúrò, ṣùgbọ́n àdó olóró kò tíì tán nílẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí ará abúlé bá ní kó gbà, kó má sì ya igbó.

Yálà Casamance ni ẹ ń lọ tàbí abúlé kan nítòsí, ìbéèrè mẹ́ta wà tó yẹ kí ẹ bi onílé kí ẹ tó sanwó. Ta ló ni ilé yìí? Ta ló tún òrùlé rẹ̀ ṣe kẹ́yìn, nígbà wo sì ni? Kí ni owó àlejò tó wá lọ́dún tó kọjá ṣe fún abúlé?

Ní abúlé tí ètò náà bá ṣì wà láàyè, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n á nawọ́ sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n á sì pe ọkùnrin tó gun òkè òrùlé náà wá kí ẹ.